Ajayi Crowther: ọmọ Òṣogùn tó kó ọ̀rọ̀ jọ ní èdè méjì

Nígbà tí mo wà ní kíláàsì kìíní ní sẹ́kọ́ńdìrì, tíṣà wa ní kí n dìde ka àkàyé Gẹ̀ẹ́sì kan. Mo kà á já láìkọsẹ̀, gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́. Ìbéèrè márùn-ún ló tẹ̀lé e, ọ̀kan péré ni mo rí gbà. Ẹnu mi kàwé, àmọ́ kò yé mi, torí ọ̀rọ̀ tí mi ò mọ̀ ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí mo bá ti rántí ọjọ́ yẹn, Bíṣọ́ọ̀bù Ajayi Crowther ló máa ń wá sí mi lọ́kàn.

Nǹkan bí ọdún 1809 ni wọ́n bí i sí Òṣogùn. Ní 1821, àwọn akónilẹ́rú ya wọ ìlú náà, wọ́n kó òun àti ìyá rẹ̀ lọ. Wọ́n ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, níbi tí wọ́n ti kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ní oṣù Kẹrin 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n sílẹ̀ lójú omi, wọ́n sì kó wọn lọ sí Sàró.

Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ a, b, d. Láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ó ti ń ka Májẹ̀mú Tuntun ní Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ti ń fi í kọ́ àwọn ọmọ yòókù. Wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un ní 1825. Ní 1827, ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay.

Ohun tó wú mi lórí jù rèé: kò tìtorí Gẹ̀ẹ́sì ju Yorùbá nù. Ní 1843, ọdún tó di àlùfáà ní London, ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tó ṣe jáde. Ọ̀rọ̀ Yorùbá wà níbẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó tún un ṣe ní 1852, ó fẹ̀ ẹ́ sí i, ó sì kó òwe sí i. Ó tún túmọ̀ Bíbélì. Ẹ ò rí i pé ẹni tó ń túmọ̀ ò lè fi ẹnu kà á lásán? Bí ọ̀rọ̀ kan ò bá yé e, ibẹ̀ ni iṣẹ́ máa dúró sí.

Ní oṣù Kẹjọ 1846, ó tún rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ká ní ó ti gbàgbé Yorùbá ni, kí ni wọn ì bá fi bára wọn sọ̀rọ̀?

Ní 1864, ó di bíṣọ́ọ̀bù, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ nínú ìjọ Áńgílíkà. Àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó ajíhìnrere fi ìyà jẹ ẹ́ lọ́jọ́ alẹ́. Ó kú sí Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1891.

Ẹ̀yin òbí, kì í ṣe gbogbo ọmọ tó féèlì àkàyé ni olódo. Ẹ ra ìwé kékeré kan fún un. Kó kọ ọ̀rọ̀ tuntun sí i, kó kọ ìtumọ̀ rẹ̀ ní Yorùbá, kó sì fi ṣe gbólóhùn. Bó bá tún bá ọ̀rọ̀ náà pàdé nínú ìwé mìíràn, kò ní jẹ́ àlejò sí i mọ́. Ohun tí èmi náà padà ṣe nìyẹn, kí n tó ka àkàyé tó yé mi.