Ẹni Tó Gun Erin Ka Igi: Ìtàn Dietrich Brandis

Igi kan kì í dá igbó ṣe. Gbogbo wa la mọ òwe yìí, ìbáà ṣe ọmọ tí wọ́n tọ́ ní Ìbàdàn tàbí irú àwa tí a dàgbà sí Kàdúná, Jọ́ọ̀sì àti Kánò. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí òwe náà kò dáhùn: igi mélòó ló wà nínú igbó? Ta ni yóò kà wọ́n? Bí ẹnikẹ́ni kò bá sì kà wọ́n, báwo ni a ó ṣe mọ iye tí a lè gé lọ́dún tí igbó kò fi ní pa run? Ọkùnrin tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ wá ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn. Dietrich Brandis ni orúkọ rẹ̀.

Ìlú Bonn ní ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹta, ọdún 1824. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni bàbá rẹ̀ ní yunifásítì ìlú náà. Nígbà tí wọ́n pe bàbá yìí lọ sí ààfin ọba ilẹ̀ Gíríìsì, ó kó ìdílé rẹ̀ dání, nítorí náà Dietrich lo díẹ̀ nínú ìgbà èwe rẹ̀ ní Athens. Nígbà tí ó dàgbà, ẹ̀kọ́ nípa ewéko ló yàn. Ó kọ́ ọ ní Copenhagen, ní Göttingen àti ní Bonn, nígbà tí ó sì di ọdún 1849, òun náà ti di olùkọ́ ní yunifásítì Bonn. Ẹni tó bá rí i nígbà náà yóò rò pé inú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ni yóò darúgbó sí.

Ìgbéyàwó ló yí ọ̀nà rẹ̀ padà. Ní ọdún 1854, ó fẹ́ Rachel, ọmọ Joshua Marshman, míṣọ́nnárì tí òkìkí rẹ̀ kàn ní Serampore ní ilẹ̀ Íńdíà. Arábìnrin Rachel ni ìyàwó Henry Havelock, ọ̀gá ológun Gẹ̀ẹ́sì. Nípasẹ̀ àwọn àna yìí ni orúkọ Brandis fi dé etí Dalhousie, gómìnà àgbà ilẹ̀ Íńdíà, tó ń wá ẹni tó mọ̀ nípa igi. Èèyàn laṣọ, òótọ́ ni. Ní oṣù Kìíní ọdún 1856, ọmọ Jámánì yìí di alábòójútó igbó tíìkì Pegu ní ilẹ̀ Bọ́mà, èyí tí wọ́n ń pè ní Myanmar lónìí.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí orúkọ Bọ́mà ṣàjèjì sí yín. Ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ àwọn bàbá wa ti jagun nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Àmọ́ kí ogun wọn tó dé, igi ló ń fa wàhálà níbẹ̀. Igi tíìkì le, kòkòrò kì í tètè jẹ ẹ́, omi òkun kì í sì í tètè bà á jẹ́, nítorí náà òun ni àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ń wá kiri. Ọba Bọ́mà ló ni gbogbo tíìkì láyé àtijọ́. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì gba Pegu ní ọdún 1852, ìjọba wọn sọ igi náà di tiwọn. Àwọn oníṣòwò pákó ní Rangoon àti Moulmein fẹ́ kí wọ́n ṣí igbó sílẹ̀ fún wọn, kí wọ́n máa gé e bó ṣe wù wọ́n. Lójú wọn, igbó náà kò lè tán láéláé.

Brandis kò bá wọn jiyàn lásán. Ó lọ kà á. Ṣùgbọ́n báwo ni èèyàn yóò ṣe ka igi inú igbó tó gbòòrò tó bẹ́ẹ̀, níbi tí kò sí ọ̀nà, tí ibà sì ń dáni gúnlẹ̀? Kò sí bí ó ṣe lè kà á tán. Ohun tó ṣe ni pé ó gun erin, ó ń la igbó kọjá lójú ìlà kan, ó sì ń ka tíìkì tó wà lápá ọ̀tún àti apá òsì níbi tí ojú rẹ̀ tó. Ó mú ọparun mẹ́rin dání ní ọwọ́ òsì, ó mú ọ̀bẹ ní ọwọ́ ọ̀tún. Ọparun kọ̀ọ̀kan dúró fún ìsọ̀rí igi kan. Àwọn tó tóbi jù, tí ìyípo ìdí wọn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni ìsọ̀rí kìíní; àwọn tó tẹ̀ lé wọn ni ìkejì, títí dé orí àwọn kéékèèké tó jẹ́ ìkẹrin. Bí ó bá ti rí igi kan, á fi ọ̀bẹ fá àmì sára ọparun tó yẹ. Òjò kò lè pa àmì yẹn rẹ́ bí ó ṣe lè pa ohun tí a kọ sínú ìwé rẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, ìṣirò ló kù. Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ tèmi ṣàlàyé. Ká ní ilẹ̀ tí ó là kọjá jẹ́ ìdá kan nínú ogún igbó náà, tí ó sì ka igi ńlá 500 níbẹ̀. A ó fojú bù ú pé igi ńlá 10,000 ló wà nínú gbogbo igbó. Ká tún ní ogún ọdún ni igi ìsọ̀rí kejì yóò fi dàgbà wọ ìsọ̀rí kìíní, àti pé iye wọn tó láti rọ́pò àwọn ńlá. A jẹ́ pé igi ńlá 500 péré ni a lè gé lọ́dún kan. Ẹni tó bá gé 1,000 yóò jẹ ogún ọdún ní ọdún mẹ́wàá, ọmọ rẹ̀ yóò sì bá kùkùté. Ìdí nìyí tí ó fi ka igi kéékèèké mọ́ ọn: igi ńlá ni ọjà òní, igi kékeré ni ọjà ọ̀la.

Ọ̀nà yìí ní àbùkù tirẹ̀. Ẹ wo àwọn tó ń ra àgbàdo àti ẹ̀wà lápò-lápò lọ́jà wa lápá Òkè Ọya. Wọn kì í tú àpò dà sílẹ̀. Irin oníhò ni wọ́n fi ń gún un, èyí tó bá sì bọ́ sí wọn lọ́wọ́ ni wọ́n ń wò. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́n kì í gún òkè àpò nìkan, nítorí pé ibẹ̀ ni olójú kòkòrò ń kó èyí tó dára sí. Bákan náà ni igbó. Tíìkì fẹ́ràn ilẹ̀ tí omi kì í dúró sí. Bí ó bá jẹ́ ojú ọ̀nà tó rọrùn fún erin nìkan ni a gbà, ọ̀nà náà lè jẹ́rìí èké fún gbogbo igbó yòókù. Àwọn tó dé lẹ́yìn Brandis ló ṣe àtúnṣe èyí. Norway bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìlà ka igbó gbogbo orílẹ̀-èdè ní ọdún 1919, Finland ní 1921, Sweden ní 1923. Ìlà wọn tò ní dọ́gba-dọ́gba, kì í ṣe ibi tó wu olùkà. Nígbà tó yá, ẹ̀kọ́ Statistics kọ́ wọn láti ṣẹ́ kèké yan ibi tí wọn yóò kà, àti láti ṣírò bí ìfojúbù wọn ṣe lè jìnnà sí òótọ́ tó.

Síbẹ̀, ìwọ̀nba tí Brandis kà tó láti fún un lẹ́nu ọ̀rọ̀. Àwọn oníṣòwò ní agbára àti owó. Òun ní iye. Ó tún bá àwọn àgbẹ̀ Karen lò pọ̀, kí wọ́n máa gbin tíìkì sáàárín oúnjẹ wọn nínú oko tí wọ́n ń ṣí. Taungya ni wọ́n ń pe irú oko bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1864, wọ́n fi í ṣe ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́ fún gbogbo igbó ìjọba ní Íńdíà. Òfin igbó jáde ní 1865, òmíràn tún jáde ní 1878. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti díjú nìyí. Òfin 1878 gba igbó lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ará abúlé tó ti ń ṣẹ́ igi ìdáná, tó ti ń da màlúù níbẹ̀ láti ìgbà baba wọn. Àwọn kan nínú ìjọba, bíi Baden-Powell, fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ ti ìjọba pátápátá. Brandis fẹ́ kí àwọn abúlé ní igbó tiwọn, ṣùgbọ́n èrò tirẹ̀ kọ́ ló borí. A kò lè fọ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ pátápátá, nítorí òun ni ọ̀gá ẹ̀ka náà. Ọparun mẹ́rin ló mú dání. Kò sí ìkarùn-ún fún ìyá tó ń wá igi ìdáná.

Ọdún 1878 yẹn kan náà ni ilé ẹ̀kọ́ igbó bẹ̀rẹ̀ ní Dehra Dun. Ó fẹ̀yìn tì ní 1883, ó padà sí Jámánì, ṣùgbọ́n kò sinmi. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Gifford Pinchot, ọmọ Amẹ́ríkà, lọ gba ìmọ̀ràn; Pinchot yìí ló di ọ̀gá àkọ́kọ́ fún ẹ̀ka igbó ìjọba Amẹ́ríkà ní 1905. Ìwé ńlá tí Brandis kọ nípa igi ilẹ̀ Íńdíà jáde ní 1906. Ó kú ní Bonn ní ọjọ́ 28, oṣù Karùn-ún, ọdún 1907, ní ẹni ọdún 83.

Iṣẹ́ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Ní 1903, H. N. Thompson, tó ti ṣiṣẹ́ nínú igbó Bọ́mà, ni Gẹ̀ẹ́sì gbé wá láti ṣe olórí ẹ̀ka igbó ní Gúúsù Nàìjíríà. Ìlànà igbó ọba tí ó bá bọ̀ wá, ti Íńdíà àti Bọ́mà ni. Tíìkì náà dé Olókèméjì, láàárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, taungya sì di ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òṣìṣẹ́ igbó wa.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń sá fún Statistics, ẹ rántí pé kì í ṣe ìdánwò nìkan ni ẹ̀kọ́ náà wà fún. Lórí orílẹ̀-èdè tí lọ́rì pákó ń já wá sí ìlú lóru àti lọ́sàn-án, ẹni tó lè sọ iye tó kù, tí ó sì lè sọ bí ó ṣe mọ̀ ọ́n, ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè dúró níwájú olówó. Ẹni tí kò mọ iye tó wà nínú àká kò lè mọ ìgbà tí ebi yóò dé. Ẹ jẹ́ ká kà á kó tó tán, kí a má sì gbàgbé ẹni tó ń gbé lábẹ́ rẹ̀.