Ọ̀jọ̀gbọ́n Ian Donald, Ẹni Tí Ó Fi Ìró Wo Inú Obìnrin

Ẹ̀yin ìyá àti arábìnrin wa, ọ̀pọ̀ nínú wa ni wọ́n ti fi skáàn wo ikùn rẹ̀ rí. Ó yẹ kí a mọ ẹni tí ó là á sílẹ̀ fún wa.

Ní Liskeard, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n bí Ian Donald sí ní 1910. Ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní Gúúsù Áfríkà, ó sì kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó wà nínú ọmọ ogun òfuurufú, níbi tí ó ti mọ̀ nípa rédà. Ní 1954, ó di Ọ̀jọ̀gbọ́n ìgbẹ̀bí ní Yunifásítì Glasgow.

Ní ayé ìgbà náà, bí ikùn obìnrin bá wú tí kì í ṣe oyún, ọwọ́ ni dókítà gbẹ́kẹ̀ lé jù. Ṣé fibroid ni? Ṣé àpò omi tí ó hù sí ibi tí ẹyin obìnrin ń gbé ni? Àbí jẹjẹrẹ? Nígbà púpọ̀, àfi tí wọ́n bá là á kí wọ́n tó mọ̀.

Ní ọjọ́ 21 oṣù Keje, 1955, Donald kó fibroid àti àpò omi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé kúrò lára àwọn obìnrin sínú bùútù mọ́tò méjì, ó di ilé-iṣẹ́ Babcock & Wilcox ní Renfrew. Ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tí ń fi ìró tí etí kò lè gbọ́ wá ibi tí irin ti sán. Wọ́n tilẹ̀ fi ẹran màlúù ńlá kan kún un fún ìfiwéra, àfi bí ìsọ̀ alápatà! Ìró gba inú omi kọjá láìsí gbohùngbohùn; ṣùgbọ́n inú fibroid ń dá a padà.

Tom Brown, ọ̀dọ́ ẹnjiníà, àti Dókítà John MacVicar bá a tún ẹ̀rọ náà ṣe. Lójú tiwa, obìnrin kan ni ó fi ìdí iṣẹ́ wọn múlẹ̀. Àwọn dókítà ti gbà pé jẹjẹrẹ agbẹ̀du tí kò ṣe é ṣe iṣẹ́ abẹ fún ni ó wú ikùn rẹ̀, ikú ni wọ́n sì ń retí. Ẹ̀rọ Donald fi hàn pé àpò omi ràgàjì ni. Wọ́n yọ ọ́. Kò ní jẹjẹrẹ nínú. Obìnrin náà yè. Ìwé ìròyìn The Lancet gbé iṣẹ́ wọn jáde ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà, 1958.

Ọ̀nà yìí kan náà ni wọ́n ń tọ̀ títí dòní. Àpò tí inú rẹ̀ dúdú mọ́ lójú skáàn, tí awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́, kì í sábà léwu. Bí ẹran líle bá wà nínú rẹ̀, pàápàá tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn nínú ẹran náà, wọn yóò wádìí síwájú sí i.

Àrùn ọkàn bá Donald jà fún ọdún púpọ̀, síbẹ̀ ó ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì ní 1976. Ó kú ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà, 1987, ó fi ìyàwó àti ọmọbìnrin mẹ́rin sílẹ̀.