Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti Ìfẹ́ Àwọn Ará

Ó tọ́, bí a ti ń ṣe ìrántí ọgọ́rùn-ún ọdún ìjọ wa, kí a rántí baba tí ó ti la ọ̀nà yìí ṣáájú wa. Ẹnikẹ́ni tí ó bá dúró ní èbúté Àpápá, tí ó sì kọjú sí ọ̀sà, omi tí ó ń wò nì ni a gbà kó àwọn ẹrú jáde kúrò ní Èkó lọ sí òkun. Omi yìí ni a gbé ọmọdékùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí gbà ní ọdún 1822. Ìtàn rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹ̀yin ará ìjọ, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣàjèjì sí ẹ̀yin àlùfáà ọlọ́wọ̀ tí ẹ bẹ̀ wá wò. Ṣùgbọ́n apá kan wà nínú rẹ̀ tí a kì í sábà tẹnu mọ́: ọwọ́ àwọn ènìyàn ni ó ti kọ́kọ́ rí ìfẹ́ Ọlọ́run gbà, kí ó tó lè kà nípa rẹ̀ nínú ìwé.

Òṣogùn ni a ti bí i, ní nǹkan bí ọdún 1809. Ní ọdún 1821 ogun kó ìlú náà, a sì mú òun àti ìyá rẹ̀ Àfàlà àti àwọn àbúrò rẹ̀ lẹ́rú. A tà á, a tún un tà. Nígbà tí ó gbọ́ pé a ó ta òun fún àwọn Potogí, ìbẹ̀rù náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi gbìyànjú láti fún ara rẹ̀ lọ́rùn pa lóru. Wọ́n dè é mọ́lẹ̀ ní Èkó, wọ́n sì kó o sínú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1822, Myrmidon, ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba ọkọ̀ náà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, a sì kó wọn lọ sí Sierra Leone.

Níbẹ̀ ni àwọn ẹni tí kò bá a tan, tí wọn kò sì gbọ́ èdè rẹ̀, ti gbà á sílé. Wọ́n kọ́ ọ ní ìwé, wọ́n kọ́ ọ ní iṣẹ́ káfíńtà. Ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1825, Àlùfáà Raban ṣe ìrìbọmi fún un, ó sì gba orúkọ Samuel Crowther, orúkọ àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí í ṣe ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ C.M.S. Ásánò tí ó fi ṣe aya, tí a ń pè ní Susan, òun náà jẹ́ ọmọ tí a gbà là lóko ẹrú.

Ní ọdún 1846, nígbà tí ó ti di àlùfáà, tí ó sì ti dé Abẹ́òkúta láti ṣe iṣẹ́ ìhìnrere, ó tún rí Àfàlà ìyá rẹ̀. Ó ti di ọdún 25 tí ojú wọn ti pínyà. Ẹ̀rù ba ìyá náà, kò lè gbà pé òótọ́ ni. Kò pẹ́ tí òun náà fi wá sínú ìjọ. Ní oṣù kejì ọdún 1848 a ṣe ìrìbọmi fún un, a sì sọ ọ́ ní Hannah. Ó gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ títí ó fi kú ní ọdún 1883, ní arúgbó kùjọ́kùjọ́.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1864 a yà á sí mímọ́ ní Canterbury, òun ni ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí Ìjọ Áńgílíkà fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Àwọn ẹni ńlá pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n inú àwa dùn jù sí ẹni méjì tí ó wà láàárín wọn: Leeke, ọ̀gágun ojú omi tí ó jẹ́ ọ̀gá Myrmidon ní ọjọ́ tí a gbà á là, àti Ìyá Weeks, opó tí ó kọ́ ọ ní ABD ní Sierra Leone.

Odò Ọya ni a rán an sí. Ní ọdún 1867 ìjòyè kan tí ń jẹ́ Abokko dá a dúró nítòsí Ìdá, ó sì ń bèèrè owó ìràpadà. Fell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́kọ́ja, lọ gbà á sílẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù jàjàbọ́, ṣùgbọ́n ọfà olóró ba Fell, ó sì kú. Ní Bonny pẹ̀lú, ẹrú kan tí ń jẹ́ Joshua Hart yàn láti kú jù kí ó jẹ oúnjẹ òrìṣà lọ. Àwọn ọmọ ilẹ̀ Íbò àti ti Ìjọ̀, tí Bíṣọ́ọ̀bù ń wọ ọkọ̀ lọ wá kiri ní Onitsha, ní Bonny àti ní Brass, ni aládùúgbò wa ní Ajégúnlẹ̀ lónìí. Kànga kan náà ni à ń pọn, ẹsẹ̀ kan ni a sì ń tò lórí ìjókòó ìjọ.

Ìdánwò tí ó le jù wá ní ọjọ́ ogbó rẹ̀, kò sì ti ọ̀dọ̀ kèfèrí wá. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1890, ní Onitsha, àwọn ọ̀dọ́ ajíhìnrere tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Gẹ̀ẹ́sì dé dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró lójú rẹ̀, títí kan Dandeson ọmọ rẹ̀ tí í ṣe áṣídíákónì. A kò sọ pé kò sí àbùkù nínú iṣẹ́ Odò Ọya. Ó wà, ó sì lè jẹ́ pé ọwọ́ baba náà rọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ìjà ahọ́n òun eyín kọ́ ni èyí. Àwọn tí ó lè jẹ́ ọmọ-ọmọ fún un ni wọ́n fi ojú tẹ́ńbẹ́lú arúgbó ẹni ọgọ́rin ọdún, a kò sì rí i pé àwọ̀ ara kò kó ipa nínú rẹ̀.

Ó kọ̀wé fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Kò fi Ìjọ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Èkó ni inú bí, ìbá sì rọrùn fún un láti kó wọn lẹ́yìn jáde. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó ṣe ni pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò kí àwọn ìjọ tí ó wà ní ẹnu odò náà lè máa bọ́ ara wọn, kí wọ́n sì wà lábẹ́ Canterbury síbẹ̀. Lẹ́nu iṣẹ́ náà ni ó wà tí ó fi sùn nínú Olúwa ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1891. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, Dandeson ọmọ rẹ̀ gba àbójútó àwọn ìjọ náà.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 2014, tí ó pé 150 ọdún gééré tí a yà á sí mímọ́, a ṣe ìsìn ọpẹ́ àti ìrònúpìwàdà ní Canterbury. Ibẹ̀ ni Áṣíbíṣọ́ọ̀bù Justin Welby ti tọrọ ìdáríjì ní gbangba nítorí ohun tí àwọn ará ṣe sí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther.