ÀLÙFÁÀ WILLIAM LEE, ẸNI TÍ Ó KỌ́ IRIN NÍ IṢẸ́ ÌHUNṢỌ

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ní ẹ̀rọ ìhunṣọ nílé. Àwọn kan ń fi í hun súwẹ́tà ọmọ iléèwé, àwọn kan ń hun fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ ọmọ tuntun, ti àwọn mìíràn sì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí eruku ti bò ó. Ní ẹ̀ẹ̀kan yìí, a fẹ́ sọ ìtàn ọkùnrin tí ó kọ́kọ́ ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ láyé, nítorí ẹni tí ó bá gbọ́ ìtàn rẹ̀ yóò mọ ẹ̀rọ tirẹ̀ lò ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Orúkọ ọkùnrin náà ni William Lee. Ọmọ agbègbè Nottinghamshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ìtàn sì sọ pé abúlé Calverton ni ó ti ń ṣe iṣẹ́ àlùfáà. Ó ti kú tipẹ́ kí a tó bí John Wesley ní 1703. Láyé ìgbà náà, tọkùnrin tobìnrin ni ó ń wọ ìbọ̀sẹ̀ gígùn tí ó kọjá orúnkún, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń hun ún. Opó, arúgbó àti ọmọdé ni ó ń jẹun nídìí iṣẹ́ náà.

Ọ̀nà méjì ni àwọn ènìyàn gbà ń sọ bí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ṣe wọ inú Lee. Àwọn kan ní ọmọbìnrin kan ni ó ń dẹnu kọ, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin náà kò gbójú sókè kúrò lórí ìbọ̀sẹ̀ tí ó ń hun. Àwọn mìíràn ní ìyàwó rẹ̀ ni ó ń hun ìbọ̀sẹ̀ tà kí ebi má baà pa ilé, tí ọkọ sì ń jókòó tì í, tí ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Èyí ó wù kí ó jẹ́, ọwọ́ obìnrin ni ìtàn méjèèjì sọ pé ó wò kọ́ṣẹ́.

Ẹni tí ó ń fi ọwọ́ hun aṣọ, ojú kan ni ó ń hun tẹ̀lé òmíràn. Lee ronú pé kí ojú kọ̀ọ̀kan ní abẹ́rẹ́ tirẹ̀. Ó to abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ sí ìlà kan, ó tẹ ẹnu wọn bí ìwọ̀ ẹja. A ó tẹ́ òwú lé wọn lórí, irin pẹlẹbẹ á tẹ òwú náà wọ àárín abẹ́rẹ́, ojú tuntun á dúró nínú ìwọ̀, ojú ti tẹ́lẹ̀ á yọ̀ kọjá lórí rẹ̀, odindi ìlà kan á sì parí lẹ́ẹ̀kan náà. Ní 1589 ni ẹ̀rọ yìí kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Ohun tí ó jọ bẹ́ẹ̀ ni tilé wa ń ṣe títí di òní, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ tiwa ní ahọ́n kékeré tí ó ń ṣí tí ó sì ń pa dé.

Ẹ̀kọ́ kìíní nìyẹn: abẹ́rẹ́ ni ọkàn ẹ̀rọ. Bí ojú bá ń já ní ibì kan náà ní gbogbo ìgbà, ẹ má bá òwú jà. Abẹ́rẹ́ ibẹ̀ ni kí ẹ yẹ̀ wò. Bí ó bá ti tẹ̀, tàbí tí ahọ́n rẹ̀ kò yí dáadáa, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré gbá ìdọ̀tí òwú kúrò láàárín abẹ́rẹ́, kí ẹ sì fi òróró máṣíìnì díẹ̀ sí i. Ẹ má ṣe fi òróró ìdáná sí i láé, nítorí ó máa ń dì, á sì mú kí gbogbo rẹ̀ lẹ̀ pọ̀.

Ìtàn sọ pé Lee gbé ẹ̀rọ náà lọ sọ́dọ̀ Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní, kí ó lè gba ìwé àṣẹ tí yóò fi jẹ́ pé òun nìkan ni ó ni iṣẹ́ náà. Ọbabìnrin kọ̀. Ìbọ̀sẹ̀ tí ẹ̀rọ náà hun ki, kò sì dán. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lọ́kàn ọbabìnrin jù, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti sọ, ni àwọn tálákà tí ń fi ọwọ́ hun ìbọ̀sẹ̀. Bí irin bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí ni wọn yóò jẹ? Àwa kò lè dá a lẹ́bi. Ìbéèrè ìyá ni ó béèrè.

Lee kò sọ̀rètí nù. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ìwé ìtàn sọ pé abẹ́rẹ́ 8 ni ó wà nínú ínṣì kan nínú ẹ̀rọ àkọ́kọ́. Ó tún un ṣe títí 20 fi wọ inú ínṣì kan. Nígbà tí ó fi máa di nǹkan bí 1598, ẹ̀rọ rẹ̀ ti lè hun ìbọ̀sẹ̀ ṣẹ́dà. Síbẹ̀, kò rí ìwé àṣẹ gbà.

Ẹ̀kọ́ kejì nìyẹn: ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n òwú tirẹ̀. Abẹ́rẹ́ tí ó sún mọ́ra fẹ́ òwú tín-ín-rín. Bí òwú bá ki jù, kárééjì tí a ń tì lọ tì bọ̀ yóò há. Ẹ má fi agbára tì í. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ tún òwú ká kí ó lè máa tú geerege, kí ẹ sì fi ìda tàbí àbẹ́là pa á lára díẹ̀ bí ó bá gbẹ. Bí ẹ bá sì ti kárééjì dé etí, ẹ jẹ́ kí ó kọjá abẹ́rẹ́ tí ó kẹ́yìn kí ẹ tó dá a padà.

Nígbà tí ilé kò gbà á, Lee kó ẹ̀rọ àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú James àbúrò rẹ̀, lọ sí ìlú Rouen ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí Ọba Henri Kẹrin ti fojú rere wò ó. Ṣùgbọ́n ní oṣù Karùn-ún 1610, wọ́n gún Ọba Henri pa ní ìgboro Paris. Ìrànlọ́wọ́ Lee bá a lọ. Ní nǹkan bí 1614, Lee kú ní ilẹ̀ àjèjì, láìrí èrè iṣẹ́ tí ó fi nǹkan bí ọdún 25 ṣe.

Ìtàn yìí dùn wá, nítorí àwa náà ti rí àsìkò tí iṣẹ́ bàjẹ́ lẹ́yìn làálàá. Ní ìgbà kan, a gba iṣẹ́ súwẹ́tà 12 fún àwọn ọmọ iléèwé. Ìkánjú ni a fi ṣe é. A kò hun àyẹ̀wò, orí ẹ̀rọ ni a ti fi téèpù wọn apá súwẹ́tà, nígbà tí irin wúwo ṣì ń fà á wálẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo apá ti sún kì, kò dé ọrùn ọwọ́ àwọn ọmọ. Iléèwé yóò wọlé ní ọjọ́ mẹ́rin sí i, owó òwú sì ti tán. A tú gbogbo apá náà, a fi òru tún wọn hun.

Nítorí náà, ẹ̀kọ́ kẹta ni pé kí ẹ máa hun àyẹ̀wò. Ẹ hun ojú 60 fún ìlà 80, kí ẹ fi òwú aláwọ̀ mìíràn sàmì sí ojú 40 tí ó wà láàárín. Ẹ yọ ọ́ kúrò, kí ẹ fọ̀ ọ́ bí ẹ ó ti máa fọ súwẹ́tà, kí ẹ jẹ́ kí ó sùn mọ́jú, kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Bí ojú 40 bá jẹ́ ínṣì 5, ojú 8 ni ó wà nínú ínṣì kan. Súwẹ́tà tí iwájú rẹ̀ jẹ́ ínṣì 16 yóò gba ojú 128. Ẹ fi 2 kún un fún rírán. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìlà pẹ̀lú, kí ẹ lè mọ gígùn rẹ̀. Ẹ kọ nọ́mbà tí ẹ lò sínú ìwé kékeré, nítorí orí lè gbàgbé.

Lẹ́yìn ikú Lee, James kó ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀rọ náà padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ náà fìdí múlẹ̀, nígbà tí ó sì di 1657, àwọn tí ń fi ẹ̀rọ hun aṣọ gba ìwé àṣẹ ẹgbẹ́ lọ́wọ́ Oliver Cromwell. Nínú àmì ẹgbẹ́ náà, ọkùnrin tí ó wọ aṣọ àlùfáà dúró ní apá kan ẹ̀rọ, obìnrin tí ó mú abẹ́rẹ́ ìhunṣọ lọ́wọ́ sì dúró ní apá kejì. Ní 1863, Isaac Lamb ní Amẹ́ríkà ṣe ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí ó ń lo abẹ́rẹ́ aláhọ́n, èyí tí ó sún mọ́ tilé wa.

Ìbéèrè ọbabìnrin ńkọ́? Ẹ̀rọ náà fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé níṣẹ́ ní Nottinghamshire àti àyíká rẹ̀: ọkọ ń hun, ìyàwó ń rán an pọ̀, ọmọ ń ká òwú. Ṣùgbọ́n láti 1811, nígbà tí owó iṣẹ́ wálẹ̀ tí ebi sì dé, àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ẹ̀rọ ní òru, ìjọba sì ṣe òfin ní 1812 pé ẹni tí ó bá fọ́ ọ lè kú. Irin kò ṣẹ̀. Àwọn tí ó ni irin ni kò rántí ẹni tí ń lò ó.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀rọ nílé, ẹ nu eruku rẹ̀. Bí opó kan bá wà ládùúgbò yín tí ó ṣì ń fi ọwọ́ hun fìlà tà, ẹ má wulẹ̀ fi ẹ̀rọ ta á yọ. Ẹ pè é, kí ẹ kọ́ ọ, kí ẹ jọ pín iṣẹ́ náà. Bẹ́ẹ̀ ni a ó ṣe dá ọbabìnrin lóhùn. Kí Olúwa bùkún iṣẹ́ ọwọ́ gbogbo wa.