Ẹ̀wù Alábùlẹ̀ Sayyidina Umar

Ní ọjọ́ ọdún Ìtúnu Àwẹ̀ kan, a wá ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé kéú wa títí ní yídì, a kò rí i. Nígbà tí a dé ilé wọn, a bá a ní ẹ̀yìnkùlé, ó káwọ́ lérí. Ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Ẹ̀wù kan ṣoṣo tí ó ní fún òde ni wọ́n ti bù lẹ̀ ní èjìká, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti dá aṣọ tuntun jọ. Ọmọ tí ó ti ka Kùránì dé ìdajì ni ó sá fún ìrun ọdún nítorí àbùlẹ̀! Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ó mú wa yan ẹni tí a fẹ́ sọ ìtàn ayé rẹ̀ ní oṣù yìí, ìyẹn Sayyidina Umar ọmọ Khattab, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i.

Ìlú Makkah ni wọ́n ti bí i, nínú ìdílé Banu Adiyy, ara ẹ̀yà Kuraiṣi. Nígbà èwe rẹ̀, ó ń da ràkúnmí fún bàbá rẹ̀ ní ibì kan tí à ń pè ní Dajnan. Ẹ̀wù onírun tí ó le ni ó máa ń wọ̀ lọ sí ibẹ̀, bàbá rẹ̀ sì le ju ẹ̀wù náà lọ: bí ó bá ṣiṣẹ́, yóò ṣe é títí yóò fi rẹ̀ ẹ́, bí ó bá dẹwọ́, pàṣán ni. Ó di ọ̀dọ́mọkùnrin, ó mọ̀wé kà nígbà tí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ní Makkah kò pọ̀, ó sì ń ṣòwò. Ó kọ́kọ́ ta ko ẹ̀sìn Ìsìláàmù gidigidi. Bí ó ṣe lọ sí ilé Fatima àbúrò rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún kẹfà tí iṣẹ́ Ànọ́bì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) bẹ̀rẹ̀, tí ó bá wọn níbi tí wọ́n ti ń ka Suratu Taha, kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú yín, a kò ní tún un sọ. Ní ọdún 13 lẹ́yìn hìjírà, ìyẹn ọdún 634, Sayyidina Abu Bakr kú, Umar sì di olórí àwọn mùsùlùmí.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ aṣọ ti bẹ̀rẹ̀. Òwò kò ṣe é pa pọ̀ mọ́ iṣẹ́ olórí, nítorí náà ó ní láti máa jẹun láti inú Baitul-mali. Òun fúnra rẹ̀ ni ó la ohun tí ó tọ́ sí i sílẹ̀ fún àwọn ènìyàn: ẹ̀wù méjì, ọ̀kan fún ìgbà òtútù, ọ̀kan fún ìgbà ooru, ohun tí yóò gùn lọ sí Hajj àti Umrah, àti oúnjẹ òun àti àwọn ará ilé rẹ̀, ní ìwọ̀n ti ẹni tí kì í ṣe olówó tí kì í sì í ṣe tálákà nínú Kuraiṣi. Ó parí. Ẹni tí ó ń fi irú aṣọ bẹ́ẹ̀ rìn ní òòrùn, tí ó ń wọ ọjà, tí ó ń tọ́jú ràkúnmí sàká, kò sí bí aṣọ náà kò ṣe ní ya. Bí ó bá sì ya, kì í béèrè òmíràn, ńṣe ni ó ń bù ú lẹ̀. Anas ọmọ Malik, ẹni tí ó sin Ànọ́bì fún ọdún mẹ́wàá, rí i nígbà tí ó jẹ́ olórí, àbùlẹ̀ mẹ́ta wà láàárín èjìká rẹ̀ méjèèjì, wọ́n rán ọ̀kan lé orí èkejì. Inú ìwé Muwatta ti Imam Malik ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Ẹni tí ó bá ti gbẹ́rù rí mọ̀ pé ibẹ̀ ni ẹ̀wù máa ń kọ́kọ́ jẹ. Àwọn mìíràn sọ pé awọ ni ó fi bu ìró ìdí rẹ̀ lẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé àìrí ni. Ní ọdún 637, àwọn ọmọ ogun mùsùlùmí wọ Mada'in, olú-ìlú ọba Páṣíà, wọ́n sì fi ẹní àtẹ́ẹ̀ká ọba náà ránṣẹ́ sí Madinah. Ìgbọ̀nwọ́ 60 ni gígùn rẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ 60 ni ìbú rẹ̀, wúrà àti òkúta olówó iyebíye ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ ara rẹ̀. Umar gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, ó pín in fún àwọn ènìyàn. Ìrépé tí ó kan Sayyidina Ali, tí kì í ṣe èyí tí ó dára jù, 20,000 dirhamu ni ó tà á. Ẹni tí ó pín irú aṣọ yìí ni ó ń wá ìrépé tí yóò fi dí ihò ẹ̀yìn ẹ̀wù rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú Hurmuzan, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gágun Páṣíà, wá sí Madinah, tòun ti adé àti aṣọ olówùú wúrà. Wọ́n wá olórí mùsùlùmí títí, inú mọṣáláṣí ni wọ́n ti bá a tí ó sùn, ó ká ẹ̀wù rẹ̀ rọrí. Hurmuzan ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì, ó ń bèèrè ibi tí àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ wà.

Èyí tí a fẹ́ràn jù ni ti ìrìn àjò rẹ̀ sí ọ̀nà Ṣam, tí Tabari kọ sínú ìwé ìtàn rẹ̀. Nígbà tí ó dé Ayla, ìlú tí à ń pè ní Aqaba ní Jọ́dánì lónìí, ẹ̀yìn ẹ̀wù òwú rẹ̀ ti ya nítorí ìjókòó pípẹ́ lórí ẹran. Ó bọ́ ọ, ó gbé e fún bíṣọ́ọ̀bù ìlú náà pé kí ó bá òun fọ̀ ọ́, kí ó sì bá òun bù ú lẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù náà ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó tún rán tuntun kan tí ó jọ ọ́, ó kó méjèèjì wá. Umar wo tuntun náà, ó fọwọ́ pa á, ó dá a padà, ó sì wọ ògbólógbòó rẹ̀. Ìdí tí ó sọ ni pé ti òun máa ń fa òógùn ju èyí lọ. Ẹ kíyè sí i pé kò wàásù fún ẹni ẹlẹ́ni, kò sì fi ìtìjú kan ẹni tí ó ṣe é lóore. Ó kàn sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó mọ ohun tí à ń fi aṣọ ṣe.

Hafsa ọmọ rẹ̀, ìyàwó Ànọ́bì, bá a sọ ọ́ pé kí ó máa wọ aṣọ tí ó rọ̀ ju èyí lọ, kí ó sì máa jẹ oúnjẹ tí ó dára, nítorí Ọlọ́hun ti la ọ̀nà ọrọ̀. Umar ní kí òun gan-an ṣe adájọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán an létí bí ìgbé ayé Ànọ́bì ti le tó nínú ilé òun Hafsa, ó ń sọ ọ́ lọ bẹ́ẹ̀ títí Hafsa fi bú sẹ́kún.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣì wá gbọ́. Inú Muwatta kan náà ni a ti kà á pé Umar fẹ́ràn kí ó máa rí àwọn tí ń ka Kùránì nínú aṣọ funfun, àti pé ó sọ fún àwọn ènìyàn pé bí Ọlọ́hun bá ti gbòòrò fún wọn, kí wọ́n gbòòrò fún ara wọn. Ìdọ̀tí kò sí nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, àṣehàn kò sì sí níbẹ̀. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́fà lẹ́yìn hìjírà, Ibn al-Jawzi bá àwọn kan wí tí wọ́n ń gé aṣọ tuntun aláràbarà, tí wọ́n ń rán an pọ̀ kí àwọn ènìyàn lè pè wọ́n ní ẹni tí ó kórìíra ayé. Lónìí, ẹ̀wù jákẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò jíǹsì tí wọ́n ti lẹ àbùlẹ̀ mọ́ láti ilé iṣẹ́ wà ní ọjà, owó rẹ̀ a sì máa ju ti èyí tí ó dán lọ. Àwọn ọ̀dọ́ tí ń ra èyí ni yóò tún máa fi ọmọ tí ìyá rẹ̀ fi abẹ́rẹ́ bu ẹ̀wù rẹ̀ lẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́! Àwa kò bá ọmọ náà jà. Ìyá rẹ̀ ni a sọ fún pé kí ó fọ ẹ̀wù náà kí ó mọ́ tónítóní, kí ó sì lọ̀ ọ́. Nígbà tí Iléyá dé, ó wà ní sàfù kejì ní yídì, àbùlẹ̀ èjìká rẹ̀ hàn kedere.

Ní ọdún 18 lẹ́yìn hìjírà, ìyàn mú ní Madinah. Umar kọ òrí ẹran, òróró lásán ni ó ń jẹ títí àwọ̀ rẹ̀ fi yí padà, kò sì fi ọwọ́ kan ọ̀rá àfi ìgbà tí ó tó gbogbo ènìyàn. Ní òpin ọdún 23, ìyẹn ọdún 644, níbi ìrun àsùbáà, Abu Lu'lu'a fi ọ̀bẹ olójú méjì gún un. Bí ó ti dùbúlẹ̀, ó ní kí Abdullah ọmọ rẹ̀ ka gbèsè ọrùn òun. Wọ́n bá a ní nǹkan bí 86,000. Ó pàṣẹ pé ohun ìní àwọn ará ilé òun ni kí wọ́n fi san án, bí kò bá sì tó, kí wọ́n bèèrè lọ́wọ́ ìdílé Banu Adiyy, lẹ́yìn náà Kuraiṣi, kí wọ́n má sì ṣe rékọjá wọn. Ó ránṣẹ́ sí Aisha láti tọrọ àyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ànọ́bì àti Abu Bakr, Aisha sì fún un. Ní ti aṣọ tí wọn yóò fi dì í, ó kìlọ̀ fún ọmọ rẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe ná ìnákúnàá lórí rẹ̀.