Eyín tó wà lẹ́nu George Washington: eyín erinmi, òjé àti eyín ẹrú

Bí owó dọ́là kan bá wà nítòsí yín, ẹ mú un jáde kí ẹ wo ojú ọkùnrin tó wà lára ẹ̀ dáadáa. Ẹ fi ti irun funfun yẹn sílẹ̀, ẹnu ẹ̀ ni kí ẹ wò. Ètè pa dé pinpin, ẹ̀rẹ̀kẹ́ sì wú bí ti ẹni tó kó nǹkan sẹ́nu tí kò tíì gbé e mì. Àwòrán tí Gilbert Stuart yà lọ́dún 1796 ni wọ́n wò ṣe é. Kì í ṣe pé ayàwòrán kò mọṣẹ́ o. Eyín àtọwọ́dá ló kún ẹnu Ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà yẹn, ó sì tóbi ju ẹnu tó wọ̀ ọ́ lọ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti gbọ́ ni pé igi ni wọ́n fi gbẹ́ eyín George Washington. Irọ́ ni. Ní Japan, wọ́n fi igi ṣe eyín lóòótọ́, obìnrin ẹlẹ́sìn Búdà kan tó kú lọ́dún 1538 wọ irú ẹ̀ sẹ́nu. Ṣùgbọ́n kò sí igi kankan nínú ti Washington. Ohun tó wà níbẹ̀ le láti gbọ́ ju igi lọ.

Ọjọ́ 22 oṣù Kejì ọdún 1732 ni wọ́n bí i ní Virginia, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń ṣàkóso ibẹ̀. Bàbá ẹ̀, Augustine, kú nígbà tí ọmọ wà lọ́mọ ọdún 11. Ó kọ́ iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀, ó sì wọ iṣẹ́ ológun láti kékeré. Lọ́dún 1751 ó bá ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lọ sí Barbados, ibẹ̀ ni ìgbóná ti mú un, àmọ́ ó bọ́ níbẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 1759 ó fẹ́ Martha Custis, opó ọlọ́rọ̀ tó ní ilẹ̀ àti ẹrú rẹpẹtẹ. Ọkùnrin gíga ni, ó lágbára, ó mọ ẹṣin gùn dáadáa. Eyín nìkan ni kò bá a ṣe.

Ó wà lẹ́ni ọdún 24, lọ́dún 1756, tó ti san ṣílè 5 fún oníṣègùn kan tó bá a yọ eyín kan. Látìgbà yẹn, ìwé ìṣirò owó ẹ̀ kún fún owó oníṣègùn eyín, búrọ́ọ̀ṣì, àtíkè ìfọyín àti oògùn eyín dídùn. Ẹ ò wá rí i pé kì í ṣe ọ̀lẹ ló pa eyín náà, ọkùnrin yìí ń fọ eyín. John Adams tó di Ààrẹ lẹ́yìn ẹ̀ sọ pé Washington gbà pé èso bí àsálà tí òun máa ń fi eyín pa nígbà èwe ló ba eyín òun jẹ́. Oògùn ìgbà náà náà ò dáa. Wọ́n máa ń fún aláìsàn ní oògùn tí wọ́n fi mẹ́kúrì ṣe, mẹ́kúrì a sì máa mú kí èrìgì wú kí eyín sì mì.

Nígbà ogun òmìnira tí Amẹ́ríkà bá Gẹ̀ẹ́sì jà, Washington ni olórí àwọn ọmọ ogun. Eyín sì ń bá a jà nínú àgọ́. Àwòrán tí Charles Willson Peale yà lọ́dún 1779 fi àpá kan hàn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ẹ̀, oówo eyín ni wọ́n ní ó dá a sí i lára. Nígbà yẹn, ìwọ̀nba eyín àtọwọ́dá tó ní, wáyà ni wọ́n fi ń so ó mọ́ eyín tirẹ̀ tó kù.

Wáyà yìí ló fa ọ̀rọ̀ kan tó yẹ ká dúró lé lórí díẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1781, ó kọ lẹ́tà sí oníṣègùn eyín ẹ̀ ní Philadelphia, John Baker, pé kó fi ẹ̀mú tí òun á fi máa di wáyà náà ránṣẹ́, pẹ̀lú irin tí òun á fi máa ha eyín. Ó fi kún un pé òun kò rí i pé òun á dé Philadelphia láìpẹ́. Lẹ́tà ò dé ọ̀dọ̀ Baker. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì já a gbà lọ́nà, ó sì bọ́ sọ́wọ́ Ọ̀gágun Henry Clinton tó wà ní New York. Àwọn òpìtàn kan gbà pé irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ fi ọkàn Clinton balẹ̀ pé ìtòsí New York ni Washington máa jókòó sí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, Washington gba Philadelphia kọjá pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun ẹ̀ àti àwọn ará Faransé, ó forí lé Yorktown ní Virginia. Ọjọ́ 19 oṣù Kẹwàá ni ikọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wà níbẹ̀ túúbá.

Ogun parí, eyín ò parí wàhálà. Lọ́dún 1783 ó tún kọ̀wé sí Baker pé kó fi ẹ̀tù P.O.P. ránṣẹ́, ìyẹn irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe àjà ilé lóde òní, kí òun lè fi ṣe àwòṣe ẹnu òun. Kó tó di pé oníṣègùn gbẹ́ eyín, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí inú ẹnu ṣe rí. Ìda tí wọ́n ti fi iná rọ̀ ni wọ́n máa ń kì bọ ẹnu kó lè mú àwòrán èrìgì jáde, wọ́n á wá da P.O.P. sínú ìda náà. Tó bá gbẹ, ẹ̀dà ẹnu onítọ̀hún ti dé orí tábìlì nìyẹn.

Lọ́dún 1784, oníṣègùn eyín kan láti Faransé, Jean-Pierre Le Mayeur, ń tọ́jú Washington. Iṣẹ́ tí Le Mayeur fi gbajúmọ̀ ni kó yọ eyín lẹ́nu ẹni kan, kó gbìn ín sí ẹnu ẹlòmíràn lójú ẹsẹ̀. Nínú ìwé ìròyìn, ó kéde pé òun á san gínì 2, ìyẹn ṣílè 42, fún eyín iwájú kan tó dáa. Nígbà tó polówó ní Virginia, ó yọ ẹrú kúrò nínú àwọn tí òun á sanwó fún.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún yẹn kan náà, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìṣirò owó Mount Vernon, ilé Washington, pé wọ́n san pọ́n-ùn 6 àti ṣílè 2 fún àwọn ènìyàn dúdú, owó eyín 9, nítorí dókítà ará Faransé náà. Ẹ bá wọn ṣírò ẹ̀. Ó lé díẹ̀ ní ṣílè 13 lórí eyín kan, kò tó ìdámẹ́ta iye tí Le Mayeur ń kéde fún àwọn tó wà lómìnira. Orúkọ ẹnikẹ́ni ò sí níbẹ̀. Ìwé náà ò sọ ẹnu tí àwọn eyín náà padà wọ̀. Àwọn kan máa ń sọ pé ṣebí wọ́n sanwó. Àmọ́ ẹrú tí ọ̀gá ẹ̀ fẹ́ eyín ẹ̀, ibo ló fẹ́ gbà sọ pé òun ò tà?

Ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 1789, Washington dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè Federal Hall ní New York, ó búra gẹ́gẹ́ bí Ààrẹ àkọ́kọ́. Ẹni ọdún 57 ni. Eyín tirẹ̀ tó kù lẹ́nu jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, ní àgbọ̀n ìsàlẹ̀ lápá òsì.

Ọdún yẹn náà ni John Greenwood wọlé sínú ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀. Ọmọ Boston ni, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń fun fèrè ni nínú ọmọ ogun nígbà ogun òmìnira. Òun ló tún sọ kẹ̀kẹ́ ìrànwú ìyá ẹ̀ di ẹ̀rọ ìlu eyín tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Ọlọ́gbọ́n ọwọ́ èèyàn nìyẹn.

Eyín erinmi ni Greenwood fi ṣe ìdí eyín fún Ààrẹ. Eyín erinmi le ju eyín erin lọ, kì í tètè yí àwọ̀ padà tó o, ilẹ̀ Áfíríkà ló sì ti ń wá. Kì í ṣe ohun tí èèyàn ń kàn gbẹ́ bí ọmọ ayò. Oníṣẹ́ á kun àwòṣe P.O.P. ní ọ̀dà pupa, á gbé eyín erinmi tó ń gbẹ́ lé e lórí, á gbé e kúrò, ibi tí ọ̀dà bá ti kàn ni yóò ha. Á tún gbé e lé e, á tún ha á, títí gbogbo ẹ̀ á fi jókòó pẹ́kípẹ́kí. Eyín ènìyàn ló wá fi ìṣó kéékèèké kàn mọ́ ọn níwájú. Ó dá ihò kan sí ti ìsàlẹ̀, kí ẹyọ eyín tó kù yẹn lè gba ibẹ̀ yọ jáde, òun ló ń di gbogbo ẹ̀ mú.

Báwo ni ti òkè ò ṣe wá ń jábọ́? Sípíríǹgì ni. Eyín òde òní máa ń lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu nítorí ó bá a mu rẹ́gí, itọ́ á sì bá a dì í mú. Nígbà ayé Washington, sípíríǹgì méjì ló so ti òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀ lẹ́yìn, wọ́n ń ti ara wọn síta nígbà gbogbo. Bí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá fẹ́ pa ẹnu dé, á fi agbára tẹ̀ ẹ́. Tó bá gbàgbé, ẹnu á ṣí fúnra ẹ̀. Ẹ fojú inú wo olórí orílẹ̀-èdè tó jókòó láàrin àlejò, tó ń bá ẹnu ara ẹ̀ jìjàkadì láti oúnjẹ alẹ́ títí àlejò á fi tú ká. Ìgbà tó búra lẹ́ẹ̀kejì lọ́dún 1793, ọ̀rọ̀ 135 péré ló sọ. Títí dòní, kò sí Ààrẹ Amẹ́ríkà tí ọ̀rọ̀ ìbúra tirẹ̀ kúrú tó bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún 1796, Greenwood yọ ẹyọ eyín tó kù náà. Kò jù ú nù, ó tọ́jú ẹ̀ sínú àpótí kékeré kan tó ń so mọ́ ṣéènì aago ẹ̀.

Láti ìgbà náà, lẹ́tà àti àpótí eyín ló ń rìn láàrin àwọn méjèèjì, nítorí New York ni Greenwood wà. Ohun tó ń dun Washington jù ni pé eyín náà ń ti ètè ẹ̀ síta. Ó bẹ Greenwood léraléra pé kó má ṣe ohun tó máa tún tì í síta sí i. Ní ìparí ọdún 1798, Greenwood fèsì pé èyí tó fi ránṣẹ́ wá fún àtúnṣe ti dúdú, pé wáìnì pọ́ọ̀tù ló fà á. Ó ní kó máa yọ ọ́ tó bá jẹun tán kó tó mu wáìnì, kó sì máa fi ẹfun fọ ọ́. Ibi tí ìtàn igi ti wá nìyẹn: eyín erinmi àti eyín erin máa ń mu àwọ̀ oúnjẹ, ó máa ń ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ lára, ẹni tó bá rí i lẹ́yìn ọdún díẹ̀ á pè é ní igi.

Ohun mìíràn ti wà láyé nígbà yẹn o. Dubois de Chémant ti ń fi tánńganran ṣe eyín ní Paris, ó sì gba àṣẹ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1791. Rọ́bà líle tí ẹbí Goodyear mú jáde ló jẹ́ kí eyín àtọwọ́dá dé ọ̀dọ̀ mẹ̀kúnnù lẹ́yìn 1850, kí oníke tó wá gba ipò ẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1940. Washington ò bá wọn débẹ̀.

Ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1799, ó gun ẹṣin káàkiri oko ẹ̀ nínú yìnyín àti òjò. Ọ̀fun ń dùn ún lọ́jọ́ kejì. Àwọn oníṣègùn fa ẹ̀jẹ̀ lára ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, èyí tó pọ̀ ju ohun tí ara lè gbà, ó sì kú lálẹ́ ọjọ́ 14. Ẹni ọdún 67 ni. Nínú ẹrú 317 tó wà ní Mount Vernon lọ́dún náà, 123 ló jẹ́ tirẹ̀ gan-an, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún pé kí wọ́n dá àwọn yẹn sílẹ̀ tí Martha bá kú. Martha ò dúró dìgbà náà, ọjọ́ kìíní ọdún 1801 ló dá wọn sílẹ̀. Àwọn tó jẹ́ ti ẹbí Custis ò rí òmìnira gbà, òfin ò fún ọkọ tàbí ìyàwó láṣẹ lórí wọn.

Ọ̀kan nínú eyín Washington, tòkè tìsàlẹ̀ ẹ̀ pé, ṣì wà ní Mount Vernon títí dòní. Òjé ni ìdí ẹ̀, sípíríǹgì wà lẹ́yìn ẹ̀. Eyín màlúù, eyín ẹṣin àti eyín ènìyàn ni wọ́n tò sí i lára. Inú gíláàsì ni wọ́n gbé e sí, àwọn àlejò sì máa ń tò láti wò ó.