Gbólóhùn orin kan tó kó John Lennon dé kóòtù, àti àwo orin olórin tó fi san gbèsè

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kọ orin elòmíì sórí TikTok, ẹ fara balẹ̀ ka eléyìí.

Lọ́dún 1969, nígbà tí ẹgbẹ́ Beatles ò tíì túká, John Lennon kọ orin kan tó ń jẹ́ Come Together. Gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà pẹ̀lú èyí tí Chuck Berry ti lò nínú You Can't Catch Me lọ́dún 1956. Gbólóhùn kan péré o. Ẹni tí Lennon fẹ́ràn láti kékeré ni Berry, kò sì fi pa mọ́. Ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ Morris Levy ló ni ẹ̀tọ́ orí orin náà. Oníṣòwò orin ni Levy ní New York, àwọn èèyàn sì mọ̀ pé òun àtàwọn jàǹdùkú ńlá ìlú yẹn jọ ń rìn. Ó gbé Lennon lọ sí kóòtù.

Ìlú Liverpool ni wọ́n bí Lennon sí, lọ́jọ́ 9, oṣù Kẹwàá, ọdún 1940. Ilé bàbá àti ìyá rẹ̀ tú ká, Mimi, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, ló sì tọ́ ọ dàgbà. Ṣùgbọ́n Julia, ìyá rẹ̀, ò jìnnà sí i. Òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ta báńjò kó tó bọ́ sórí gìtá, orin Fats Domino tó ń jẹ́ Ain't That a Shame sì wà lára ohun tó fi kọ́ ọ. Lọ́dún 1958, mọ́tò gbá Julia pa. Ọlọ́pàá kan tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà ló wà á. Lennon ò tíì pé ọmọ ọdún 18.

Ọdún kan ṣáájú ìyẹn ni òun àti Paul McCartney ti pàdé níbi àríyá ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Woolton. Nígbà tí wọ́n dé Hamburg ní Jámánì, wákàtí lórí wákàtí ni wọ́n fi ń kọrin fáwọn ọ̀mùtí lálaalẹ́. Orin Chuck Berry àti Little Richard ni wọ́n ń kọ jù, torí orin tiwọn ò tíì pọ̀ lápò. Ká sọ ọ́ bó ṣe rí, orin olórin ni wọ́n fi jẹun. Ìyókù, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n: Beatles di ìlúmọ̀ọ́ká, wọ́n sì túká lọ́dún 1970.

Oṣù Kẹwàá ọdún 1973 ni Lennon àti Levy parí ẹjọ́ wọn sílé. Àdéhùn wọn ni pé Lennon yóò kọ mẹ́ta lára orin tí Levy ní ẹ̀tọ́ lé lórí sínú àwo rẹ̀ tó ń bọ̀. Àbí kí ló le níbẹ̀? Ó ṣáà ń wù ú tẹ́lẹ̀ láti kọ àwọn orin ìgbà èwe rẹ̀.

Lójú mi, ohun tó yí padà nìyẹn. Orin tó ti ń kọ tìfẹ́tìfẹ́ di gbèsè tí wọ́n ń bi í léèrè.

(Kò tíì ju oṣù méjì lọ ṣáájú ìgbà náà tí McCartney wà ní Apápá, nílùú Èkó, tó ń gba àwo Band on the Run sílẹ̀. Àwọn olè fi ọ̀bẹ dá a dúró, wọ́n kó téèpù orin rẹ̀ lọ. Fela náà fẹ̀sùn kàn án pé orin Áfíríkà ló wá jí kó. Ọ̀rọ̀ ta ló ni orin ò jẹ́ káwọn méjèèjì sinmi lọ́dún yẹn.)

Lennon ò sí nílé ara rẹ̀ lásìkò yìí. Òun àti Yoko Ono, ìyàwó rẹ̀, ti pínyà, ó wà ní Los Angeles, ọtí sì ti fẹ́ sọ ọ́ di ẹlòmíì. Phil Spector ló gbà pé kó bá òun darí ìgbasílẹ̀ àwo náà. Ńṣe ni sítúdíò kún fọ́fọ́ fáwọn onílù àti onígìtá, tí ọtí ń ṣàn bí omi. Lálẹ́ ọjọ́ kan, Spector yọ ìbọn, ó yìn ín sókè àjà. Nígbà tó yá, ó kó gbogbo téèpù náà lọ, kò sì gbọ́ ìpè ẹnikẹ́ni. Owó gọbọi ni iléeṣẹ́ Lennon san kí wọ́n tó rí i gbà padà, ìwọ̀nba díẹ̀ ló sì wúlò nínú rẹ̀.

Lennon wá ṣe àwo mìíràn síta lọ́dún 1974, Walls and Bridges. Nínú gbogbo orin Levy, Ya Ya nìkan ló bọ́ síbẹ̀, díẹ̀ báyìí níparí, tí Julian ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún 11 ń lu ìlù sí i. Inú bí Levy. Lóṣù Kẹwàá ọdún náà, Lennon kó àwọn onílù lọ ṣe ìdánrawò nínú oko Levy fúnra rẹ̀, wọ́n sì parí àwo náà ní New York láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ojú rẹ̀ ti wálẹ̀, ọtí ti kúrò níbẹ̀.

Ó wá ṣàṣìṣe kan. Ó fún Levy ní téèpù tí wọn ò tíì tún ṣe, kó lè gbọ́ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Levy sọ ọ́ di àwo, ó pè é ní Roots, ó sì ń polówó rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Àwòrán ẹ̀yìn rẹ̀ ò tiẹ̀ ṣeé wò. Iléeṣẹ́ Lennon sáré gbé ojúlówó rẹ̀, Rock 'n' Roll, jáde lóṣù Kejì ọdún 1975. Kóòtù tún ni! Mílíọ̀nù 42 dọ́là ni Levy ń bèèrè. Nígbà tí wọ́n dájọ́, dọ́là 6,795 ló rí gbà, wọ́n sì ní kóun náà san ohun tó ju 100,000 dọ́là lọ fún Lennon àti iléeṣẹ́ rẹ̀.

Ká sọ òótọ́, ariwo ti pọ̀ jù nínú àwọn orin tí Spector darí. Ṣùgbọ́n ẹ lọ gbọ́ Stand by Me, orin Ben E. King. Ohùn ẹni tí ebi ilé ń pa ni. Ẹ tún gbọ́ You Can't Catch Me, orin tó dá ẹjọ́ sílẹ̀ gan-an: ńṣe ni Lennon mọ̀ọ́mọ̀ to ìlù rẹ̀ kó lè jọ Come Together. Ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ọdún tí àwo náà jáde ló padà sọ́dọ̀ Yoko. Wọ́n bí Sean lọ́jọ́ ìbí bàbá rẹ̀ gẹ́lẹ́, Lennon sì jókòó sílé tọ́ ọmọ fún ọdún márùn-ún láìgbé àwo kankan jáde. Lọ́dún 1980 tó padà wá, ọkùnrin kan yìnbọn pa á níwájú ilé rẹ̀ ní New York, lọ́jọ́ 8, oṣù Kejìlá. Ọmọ 40 ọdún ni.

Àwòrán tó wà lẹ́yìn Rock 'n' Roll, Hamburg ni wọ́n ti yà á lọ́dún 1961. Lennon fara ti ẹnu ọ̀nà kan, ó wọ jákẹ́ẹ̀tì aláwọ. Àwọn mẹ́ta kan ń kọjá níwájú rẹ̀ bí òjìji, McCartney sì wà lára wọn.